Oṣù Mẹ́tàdínlógún, Lẹ́tà Ìlà Mẹ́rin

Lẹ́tà àjọ tá a fẹjọ́ dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ fún ẹ̀gbọ́n mi sùn dé lánàá. Oṣù mẹ́tàdínlógún la fi retí ẹ̀. Mo kà á lórí ìdúró, mo jókòó, mo tún un kà, torí mo rò pé ojú mi ló fo ibì kan. Ìlà mẹ́rin péré. Wọ́n ti gba ẹ̀sùn wa, wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ti gbé ìgbésẹ̀ tó yẹ, ọ̀rọ̀ ti parí. Ìgbésẹ̀ wo? Wọn ò sọ. Ṣé dókítà yẹn ṣì ń la ikùn èèyàn lónìí? Wọn ò sọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti mọ̀ mí tipẹ́ mọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, mi ò ní tún gbogbo ẹ̀ rò. Apẹ́ńdíìsì ni wọ́n ní àwọn fẹ́ yọ. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹjọ, omi ti ń jáde lójú ọgbẹ́, ó sì ń rùn. Dókítà ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Lọ́jọ́ kọkànlá a gbé wọn lọ sí ọsibítù mìíràn. Dókítà obìnrin tó gbà wá níbẹ̀ ṣí báńdéèjì, ó bẹ̀rẹ̀ wo ojú abẹ náà, ó ní, "Ta ló ṣiṣẹ́ yìí?" Mo dárúkọ. Ó bọ́ awò ojú ẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún, ó tún un nù, kò wò mí lójú mọ́. Ó kàn ní, "Ẹ jẹ́ ká tọ́jú wọn ná." Ibẹ̀ ló ti yé mi pé orúkọ yẹn kì í ṣe tuntun létí ẹ̀. Àwọn dókítà mọ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì mọ̀. Àwa tá a gbé èèyàn wa lé wọn lọ́wọ́ nìkan la ò mọ̀.

Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń ṣọ́ dókítà jù. Ọ̀pọ̀ ọdún nílé ìwé, ìdánwò lórí ìdánwò, kó ṣiṣẹ́ lábẹ́ ojú àwọn ọ̀gá, kí orúkọ ẹ̀ tó wọ ìwé. Tó bá ti wọlé tán, àfi kí ẹnìkan pariwo. Ẹni tó sì yẹ kó pariwo ń nu awò ojú.

Ẹ wo ti Bundaberg. Oníṣẹ́ abẹ kan wà tó ń jẹ́ Jayant Patel. Ní Oregon, ní Amẹ́ríkà, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso àwọn dókítà ká a lọ́wọ́ kò lọ́dún 2000: àwọn iṣẹ́ abẹ kan wà tí kò gbọ́dọ̀ dáwọ́ lé mọ́. Lọ́dún 2001 ó dá láísẹ́ǹsì New York padà fún wọn. Lọ́dún 2003 ó ti wà ní ọsibítù ìjọba ní Bundaberg, ní Queensland, lórílẹ̀-èdè Australia, wọ́n sì fi ṣe ọ̀gá àwọn oníṣẹ́ abẹ. Ìwé tí Oregon kọ nípa ẹ̀ wà nínú fáìlì. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àṣẹ kan wà lórí ọkùnrin náà, kí wọ́n wo ìwé tó so mọ́ ọn. Kò sí ìwé kankan tó so mọ́ ọn. Kò sẹ́ni tó béèrè pé ibo ló wà.

Ọdún méjì gbáko ló lò níbẹ̀. Toni Hoffman, nọ́ọ̀sì tó jẹ́ olórí wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le gan-an, fẹjọ́ sun àwọn ọ̀gá títí ó fi sú u, ló bá gbé e tọ aṣòfin lọ. Oṣù kẹta 2005 ni ọ̀rọ̀ dé ilé ìgbìmọ̀. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, oníròyìn kan tẹ orúkọ Patel sórí Google, Oregon àti New York jáde sí i gbangba. Ohun tí ẹnikẹ́ni lè rí látorí àga ẹ̀, ìgbìmọ̀ tó ń fúnni níwèé àṣẹ ò wá a. Lọ́dún 2013 Patel fẹnu ara ẹ̀ gbà ní kóòtù pé òun lu jìbìtì kí òun tó gba ìwé àṣẹ àti iṣẹ́ yẹn.

Ní Ìlú Ọba ńkọ́? Ọdún 1976 ni kóòtù ti dá dókítà kan, Harold Shipman, lẹ́bi pé ó ń kọ ayédèrú ìwé oògùn kó lè rí pethidine, oògùn ìrora tó ń di bárakú, lò fún ara ẹ̀. General Medical Council, àjọ tó ń ṣàkóso dókítà níbẹ̀, kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ sí i, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìwádìí ìjọba padà kà á dé 215, àwọn aláìsàn tó pa.

Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ àṣírí ni. Amẹ́ríkà ní àkójọ kan láti 1990 tí ìyà tí wọ́n fi jẹ dókítà àti owó gbà-má-bínú wà nínú ẹ̀. Ọsibítù lè wò ó. Òfin ò jẹ́ kí aláìsàn wò ó. Ikùn ta ni wọ́n fẹ́ là o?

Ìkálọ́wọ́kò tó bá wà lórí dókítà, kí wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹ̀ níbi tí gbogbo ayé ti lè kà á. Mi ò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àbí mo béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ? Lálẹ́ àná mo ń fi ìbínú sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n yọ orúkọ ọkùnrin yẹn pátápátá. Ẹ̀gbọ́n mi tí àpá méjì wà níkùn wọn ní, "Ṣé bí wọ́n ṣe ṣe Bawa-Garba lo fẹ́ kí wọ́n ṣe é?" Ọmọ ọdún mẹ́fà kan kú ní ọsibítù ní Leicester lọ́dún 2011, níbi tí dókítà Hadiza Bawa-Garba ti ń tọ́jú ẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsinmi ìbímọ dé ni, dókítà ò tó lọ́jọ́ náà, kọ̀ǹpútà tó ń gbé èsì àyẹ̀wò wá kọṣẹ́. Kóòtù dá a lẹ́bi ikú ọmọ náà. Ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn dókítà ní kó lọ rọ́kún nílé fún ọdún kan, àjọ tó ń ṣàkóso dókítà ní kò tó, wọ́n gba kóòtù lọ, orúkọ ẹ̀ kúrò nínú ìwé ní oṣù kìíní 2018. Oṣù kẹjọ ni kóòtù kòtẹ́milọ́rùn tó dá a padà.

Mi ò rí nǹkan kan fọ̀. Mi ò mọ iye aláìsàn tó wà lọ́rùn dókítà wa lọ́jọ́ yẹn. Mi ò bi í rí.

Mo ti ń kọ lẹ́tà mìíràn láàárọ̀ yìí. "Ẹ yọ orúkọ ẹ̀" ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo ti pa á rẹ́, mo fi "Ìgbésẹ̀ wo lẹ gbé?" sípò ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n fi han àwọn kí n tó fi ránṣẹ́.