Tíì Tó Lágbára, Iyán Tí Wọ́n Rò

Orúkọ mẹ́fà ni a sọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ọjọ́ ìkómọ rẹ̀, kò sì sí ọ̀kan tí a ń pè é mọ́ nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Kì-í-ṣe-bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé wa ní Ìkéré ń pè é báyìí. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ara rẹ̀ lórúkọ. Bó bá ti Èkó dé fún Kérésìmesì, tí ẹ ṣèèṣì fi Gẹ̀ẹ́sì kí i, kó tó gbé báàgì sílẹ̀ ni yóò ti ní, "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, áńkù."

Lọ́dún tó kọjá, mo bi í pé, "How was your journey?" Mo rò pé mo ṣe dáadáa. Ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní "trip" ni kí n sọ, torí pé lílọ-bíbọ̀ ni, kò sì ní pẹ́ púpọ̀. Mọ́tò tó bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé Ọ̀rẹ̀, tí wọ́n sùn sí Àkúrẹ́ mọ́jú, tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ọ̀kadà ló gùn wọ Ìkéré láàárọ̀ ọjọ́ kejì tòun ti àpò ìrẹsì lórí itan, ìyẹn ni "trip". Mo ní ó dáa, kú trip.

Ẹ má bínú sí i. Ohun tó ń ṣe é ti wọ ìgboro. Ní Adó, ẹ kò lè rìn láti Ọjà Ọba dé Fájuyì kí ẹ má pàdé ẹnì kan tí fídíò "Stop saying" ń ké lórí fóònù rẹ̀. Ẹ má sọ "discuss about" mọ́. Ẹ má sọ "off the light" mọ́. (Àwa kúkú ń pa iná láti ọjọ́ pípẹ́, ẹnikẹ́ni ò tíì ní ká wá sin òkú ẹ̀.) Ọmọ tí kò lè sọ ọjọ́ tí wọ́n ń ná ọjà ìlú rẹ̀ ti mọ nǹkan mọ́kànlélógún tí Òyìnbó kì í sọ.

Àwọn olùkọ́ ń pè é ní "collocation". Kò ju pé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ẹni tó ń bá rìn. Lẹ́nu Òyìnbó, òjò a máa "heavy", atẹ́gùn a máa "strong". Bí ẹ bá fi "heavy" fún atẹ́gùn, wọ́n á mọ̀ pé àlejò ni yín. Àṣìṣe, "make" ni wọ́n ń fi ṣe é; iṣẹ́ àṣetiléwá, "do". Ẹ má bèèrè ìdí. Ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, ará ìta kì í mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Lọ́ńdọ̀nù, J. R. Firth, ló kọ ọ́ ní 1957 pé ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ bá ń kó ni a ó fi mọ irú ọ̀rọ̀ tó jẹ́. Ayé pàtẹ́wọ́ fún un, ó sì tọ́ sí i. Àgùntàn tó bá ajá rìn, tó wá di ẹni tó ń jẹ ìgbẹ́, ti wà lẹ́nu àwọn baba wa tipẹ́tipẹ́, ṣùgbọ́n ta ló fi wọ́n jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n lórí ẹ̀? Ọmọlẹ́yìn Firth kan, Michael Halliday, ló wá mú tíì wọ ọ̀rọ̀ náà. Ó ní tíì a máa "strong", kì í "powerful". Mọ́tò ló ń "powerful". Láti ìgbà náà ni tíì yìí kò ti sinmi. Ó wọ ìwé gírámà, ó wọ fóònù, ó sì wọ ọkọ̀ wá sí Ìkéré.

Torí pé ní àárọ̀ ọjọ́ kejì Kérésìmesì, Màmá, ìyá wa àgbà, ní kí wọ́n po tíì fún òun, kó le dáadáa. Kì-í-ṣe-bẹ́ẹ̀ fò dìde. "Màmá, 'strong tea' ni o. A kì í sọ 'powerful tea'."

Màmá bi í pé ta ló sọ ọ́.

Ìbéèrè náà wọ̀ mí lára, mo sì gbé e yẹ̀ wò. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, etí mi ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀, ó ti gbọ́ èyí tó fọ́ lórí, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ kí ọmọ Ìkéré kan, ì báà ti mu ẹmu yó, ṣíjú wo kọ́ọ̀bù kó ní "powerful tea". Àṣìṣe tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí ni àwọn ènìyàn ń ra dátà láti fi wo ara wọn sàn. Èyí tó wá pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé Milo ló wà nínú kọ́ọ̀bù. Ẹ kúkú mọ̀ pé nílẹ̀ wa, ohunkóhun tí a bá ti fi omi gbígbóná pò, tí mílíìkì sì wọ inú rẹ̀, tíì ni.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni má kọ́ èdè Òyìnbó. Èkìtì ni mí. Wọ́n máa ń ní bí ẹ bá ju òkúta sáàárín èrò ní ìpínlẹ̀ yìí, ọ̀jọ̀gbọ́n ni yóò bà, ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ náà ń kọ̀wé láti dà á. Christ's School ti wà ní Adó láti 1933, àwọn bàbá tó jáde níbẹ̀ sì mọ Gẹ̀ẹ́sì dé egungun. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá délé, tí wọ́n bá ń bá ìyá wọn sọ̀rọ̀, ẹ kò ní mọ̀ pé wọ́n ti jókòó sí kíláàsì rí.

Òyìnbó pàápàá kò méfò. Wọ́n jókòó, wọ́n kà á. Ní Brown University l'Amẹ́ríkà, wọ́n kó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ọ̀rọ̀ jọ látinú ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1961, wọ́n fi kọ̀ǹpútà kà wọ́n, "the" nìkan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 70,000 nínú ẹ̀. Èmi ti fura sí "the" yìí tipẹ́. Mo-gbọ́-mo-yà ni. Kò sí òde tí kì í sí, kì í mú ẹ̀bùn dání, bí ẹ bá sì lé e síta, òde náà kò ní tú. Ní Birmingham, John Sinclair àti àwọn èèyàn rẹ̀ kó ọ̀rọ̀ tó pọ̀ ju ìyẹn lọ jọ, wọ́n sì gbé ìwé atúmọ̀ COBUILD jáde ní 1987. Iṣẹ́ gidi nìyẹn, n kò lè fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn tó gbọ́ ìṣẹ́jú kan nínú ẹ̀ lórí fóònù, tí wọ́n wá di adájọ́, àwọn ni mò ń bá wí.

Àwọn adájọ́ yìí náà kò gbọ́ra wọn yé. Mo wà níbi ìgbéyàwó kan ní Ìyìn, ọ̀rọ̀ ẹran ló délẹ̀: ṣé kí wọ́n pín in ni, àbí kí wọ́n dúró de àwọn àna tó ń bọ̀ láti Ọ̀tún? Ẹ̀gbọ́n ìyàwó, tó gbé Lọ́ńdọ̀nù rí, ní kí àwọn "take a decision". Àbúrò rẹ̀ tó ti Amẹ́ríkà dé ní irọ́ ni, "make a decision" ni. Èyí ní "take", tọ̀hún ní "make". Wọ́n fa fóònù yọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín pé àwọn méjèèjì ló jàre, ará Ìlú Ọba a máa "take", ará Amẹ́ríkà a máa "make". Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó mọ ìyẹn, àwọn ọmọ tó wà nídìí ìkòkò ti pinnu ní tiwọn. Egungun ló kù.

Ó ti kúrò lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì báyìí, ó ti ń wọ Yorùbá. Olóṣèlú kan wá bá wa sọ̀rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó na ọwọ́ sókè, ó ní, "Ní ìparí ọjọ́, ẹ̀yin ará ìlú lẹ máa jèrè!" Ó ti gbé "at the end of the day" ka orí, ó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láàárín wa tòun ti ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀. Bàbá kan níwájú mi wo aago. Agogo mẹ́wàá kò tíì lù. Wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn gbé àga sábẹ́ igi, torí pé ìparí ọjọ́ ṣì jìnnà. Alága ìdúró kan sì wà tó ń ní kí a "fún ìyàwó ní ìpàtẹ́wọ́". Mo wo ìyàwó náà bóyá ó gbé igbá tí yóò fi gbà á dání. Tẹ́lẹ̀, a máa ń pàtẹ́wọ́ fún èèyàn ni, ó sì ń tó wọn.

Bẹ́ẹ̀, bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń bá ọ̀rọ̀ rìn ni, èdè wo ló le tó tiwa? Ebi ló ń pa ni, òùngbẹ ló ń gbẹ ni, ẹ̀rù ló ń bà ni, ojú ló ń tì ni, oorun ló ń kùn ni, inú ló ń bí ni. Ẹ gbìyànjú kí ẹ pààrọ̀ méjì níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta tó bá ní oorun ń tì òun, gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín títí, kò sì ní sọ ọ́ mọ́ títí ayé. Fídíò wo ló wò? Òyìnbó ní òun ló mú òtútù. Lọ́dọ̀ wa, òtútù ló ń mú èèyàn, ẹ sì lè bi ẹni tó jí kùtù wẹ omi tútù ní Ìkéré nígbà ọyẹ́ léèrè ta ló mú ta. Ní ti oúnjẹ, ẹ má dán an wò. À ń sun iṣu, à ń se ẹ̀wà, à ń dín àkàrà, à ń tẹ ẹ̀bà, à ń ro ọkà. Ẹni tó bá ṣì wọ́n mú kò tíì dé ilé ìdáná rí.

Ọmọbìnrin Kì-í-ṣe-bẹ́ẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlá, rí alángbá lára ògiri, ó sá wá bá mi: "Grandpa, mò ń feel ẹ̀rù." Bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tó ń tún Gẹ̀ẹ́sì gbogbo ayé ṣe, kò sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ ọdún tuntun ni ọ̀rọ̀ wá bẹ́. Iṣu ti jinná, àwọn obìnrin méjì dojú kọ odó, ó ń dún gbì, gbì, adúgbò ti mọ̀ pé ilé wa ń jẹun. Kì-í-ṣe-bẹ́ẹ̀ jáde láti inú yàrá, ebi ń pa á, ó ní, "Màmá, ṣé wọ́n ti ro iyán náà tán?"

Ọmọ odó dúró lókè. N kò parọ́. Méjèèjì.

"Uyán kè?" ni Màmá wí. Ìpayà ti lé wọn dé inú Èkìtì wọn pátápátá. "Wọ́n ti kí ni?"

"Wọ́n ti rò ó, mà."

"Ọkà ni à ń rò, ọmọ mi."

Ó wá ṣàlàyé. Ní Èkó, inú ọ̀rá ni iyán ti ń wá. Páúdà ni. Ìyàwó rẹ̀ á gbé omi kaná, á da páúdà sí i, á fi ọmọrógùn yí i, ìṣẹ́jú márùn-ún, ó parí. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni mo ń rẹ́rìn-ín sínú, torí ọmọ náà kò ṣàṣìṣe rárá. Rírò ni wọ́n ń rò ó lóòótọ́! Firth ti borí nídìí odó wa: ọ̀rọ̀ tó fi bá iyán kẹ́gbẹ́ ló tú àṣírí irú iyán tó ń jẹ. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń gbé e pamọ́ fún ìyá ìyá rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló jẹ́wọ́.

Màmá kò bá a jà. Wọ́n gba ọmọ odó lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà, wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Ó lù ú lẹ́ẹ̀mẹwàá, òógùn bò ó, iṣu ta sí ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n kọ Gẹ̀ẹ́sì sí láyà. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Áńkù, this thing is heavy."

Mo bi í bóyá "heavy" ni àbí "strong". Kò dá mi lóhùn. Iyán náà kún fún kókó, a sì jẹ ẹ́.

Mo gbàgbé láti sọ nípa "I'm coming". Ìyẹn ló burú jù lójú ẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá awakọ̀ kan jà ní gáréèjì lórí ẹ̀. Awakọ̀ fẹ́ lọ tọ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, ó ní kí àwọn èrò má bínú, "I'm coming." Kì-í-ṣe-bẹ́ẹ̀ yọrí lójú fèrèsé: "You are going. You are not coming." Awakọ̀ wò ó títí, ó ní, "Ṣé kí n wá tọ̀ síbí ni?" Nílé wa, ẹni tó bá dìde tó ní òun ń lọ, tí kò fi nǹkan kan kún un, wọ́n á bi í pé kí ni wọ́n fi ṣe é. Mò ń bọ̀ ni à ń sọ, a ó sì lọ.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kìn-ín-ní, a sìn ín dé ìdí ọkọ̀. Màmá di iṣu mẹ́jọ fún un, wọ́n sì dá ọmọ odó tuntun kan lé e. Ó to gbogbo ẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó wọlé. Ọkọ̀ ti ń ṣí, imú rẹ̀ ti kọjú sí Àkúrẹ́, kó tó yọrí síta, ó juwọ́.

"Màmá, mò ń bọ̀ o!"

"Máa bọ̀ o," ni Màmá wí.