Ẹ fi imú wa sílẹ̀ jàre

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ fílítà orí fóònù yìí ti sú mi o. Téèyàn bá ti gbé fóònù sókè pé kóun ya fọ́tò báyìí, kó tó ṣẹ́jú, fílítà ti bá a sé ihò imú pọ̀, ó ti fa imú náà gùn, ó tún wá sọ ọ́ di tẹ́ẹ́rẹ́, ẹni náà á sì gbé e sórí status, àwọn èèyàn á máa kọ "arẹwà" síbẹ̀. Àwọn tó ń ṣe mékọ́ọ̀pù náà ò gbẹ́yìn, ìyàwó tuntun á jókòó, wọ́n á fa dúdú sẹ́gbẹ̀ẹ́ imú lọ́tùn-ún lósì, wọ́n á wá fi nǹkan tó ń dán sáàárín kí imú lè dà bíi pé ó ṣóńṣó. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà o, ojú ẹ ni, bó ṣe wù ẹ́ ni kó o ṣe é. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa ti gbà lọ́kàn pé imú ṣóńṣó ni imú gidi, pé èyí tó fẹ̀ yìí, àbùkù ni. Irọ́ ni jàre.

Ṣé ẹ mọ ibi tí imú tó yọ síta ti bẹ̀rẹ̀? Ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí ni. Ẹ wo ìnàkí dáadáa, imú ẹ̀ lẹ̀ mọ́jú ni, kò yọ. Àwọn ará ìgbàanì tí irú Lucy wà lára wọn, Lucy tí wọ́n hú egungun ẹ̀ ní Ethiopia, tó ti gbé láyé ní bíi mílíọ̀nù 3.2 ọdún sẹ́yìn, imú pẹlẹbẹ làwọn náà ní. Ìgbà tó dórí irú èèyàn ìgbàanì míì tí wọ́n ń pè ní Homo erectus, tó dé lẹ́yìn irú Lucy, ni nǹkan yí padà. Lọ́dún 1984, ọmọ Kenya kan tó ń jẹ́ Kamoya Kimeu rí egungun ọmọkùnrin kan nítòsí adágún Turkana, egungun yẹn ti lé ní mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ ọdún, bẹ́ẹ̀ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé látorí dé ẹsẹ̀. Lóòótọ́, orí imú tó rọ̀ yẹn kì í pẹ́ jẹrà nínú ilẹ̀, ṣùgbọ́n etí egungun tó yí ihò imú ká ṣì wà níbẹ̀, ibẹ̀ làwọn onísáyẹ́ǹsì ń wò tí wọ́n fi mọ̀ pé imú irú àwọn èèyàn yìí ti ń yọ síta, tí ihò ẹ̀ sì kọjú sísàlẹ̀ bíi tiwa. Tí òyìnbó kankan bá wá ń fi imú tó yọ ṣe fáàrí, ẹ sọ fún un pé ìlà oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e jáde.

Kí ló wá fà á? Àlàyé táwọn onímọ̀ méjì, Franciscus àti Trinkaus, ṣe lọ́dún 1988 ló wọ̀ mí létí jù. Àwọn èèyàn yẹn ti ń rìn jìnnà nínú oòrùn, ibi tí wọ́n wà ń gbẹ, wọ́n ń làágùn, omi ara sì ṣe pàtàkì. Nígbà tá a bá ń mí síta, atẹ́gùn tó ń bọ̀ látinú ẹ̀dọ̀fóró gbóná, ó sì kún fún omi. Tó bá dé imú tó yọ síta, tí ibẹ̀ tutù díẹ̀ ju inú lọ, lára omi yẹn á dúró sínú imú, kò ní bá atẹ́gùn jáde lọ. Ẹ ò rí i pé ọgbọ́n ńlá ni, imú ń bá wa tọ́jú omi pamọ́!

Tá a bá tún mí sínú, iṣẹ́ míì tún ni. Ẹ̀dọ̀fóró ò fẹ́ atẹ́gùn tútù, kò sì fẹ́ èyí tó gbẹ. Nínú imú yín lọ́hùn-ún, àwọn egungun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tó ká wọnú ara wọn, awọ tútù tí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú ẹ̀ ló bò wọ́n, ara wọn ni atẹ́gùn máa gbà kọjá táá fi gbóná, táá sì rin, tí eruku á sì lẹ̀ mọ́ ikun, kó tó délẹ̀ ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dìgírì 37 tí inú ara wa wà. Ẹni tí kò bá gba iṣẹ́ yìí gbọ́, kó rántí ìgbà ọyẹ́, bí imú ṣe máa ń gbẹ táútáú, tọ́mọ kékeré á kàn jí láàárọ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde nímú ẹ̀.

Ibí yìí wá ni ọ̀rọ̀ fífẹ̀ ti wọlé. Tí imú bá tẹ́ẹ́rẹ́, tó sì ga, atẹ́gùn á máa fara kan awọ yẹn dáadáa, ìyẹn wúlò níbi tó tutù tàbí tó gbẹ, ìdí nìyẹn tí imú àwọn Inuit tó wà níbi yìnyín ò fi fẹ̀. Ṣùgbọ́n ní etí òkun wa níbí, nínú igbó kìjikìji, atẹ́gùn ti gbóná, ó ti rin kó tó wọmú rárá, kí la tún fẹ́ máa dí i lọ́nà fún? Ìka tó tọ́ símú la fi ń ro imú. Ní 2017, àwọn onímọ̀ yunifásítì Penn State ní Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ kan jáde, wọ́n wọn imú àwọn èèyàn tó lé ní 400, àwọn tí orírun wọn wá láti ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, gúúsù àti ìlà oòrùn Éṣíà, àti àríwá Yúróòpù, ohun tí wọ́n rí ni pé bí ihò imú ṣe fẹ̀ sí bá bí ibi tí baba ńlá èèyàn gbé ṣe gbóná tó, tó sì rin tó, mu. (Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé Ọbàtálá ló mọ imú, mi ò bá yín jiyàn, ẹ ẹ̀ kàn rí i pé ó wo ojú ọjọ́ kó tó po amọ̀ ni.)

Kí n má purọ́ fún yín ṣá, ojú ọjọ́ nìkan kọ́. Àwọn Neanderthal, irú èèyàn àtijọ́ kan tó ti kú tán, gbé ní Yúróòpù nígbà òtútù burúkú, imú wọn tóbi, ó tún fẹ̀, kò bá àlàyé yẹn lọ geere. Àwọn onímọ̀ Penn State yẹn náà sọ pé ó ṣeé ṣe kí irú imú tó ń wu ọkùnrin àti obìnrin láti fẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìyẹn ò sì ṣe nǹkan kan sí ohun tí mò ń sọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ẹ̀fẹ̀ ni ohun táwọn èèyàn ti fi imú ṣe síra wọn. Lọ́dún 1831, díẹ̀ ló kù kí ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi Beagle, FitzRoy, má gba Darwin, onísáyẹ́ǹsì tó wá ṣàlàyé bí ẹ̀dá ṣe ń yí padà, sínú ọkọ̀ torí imú ẹ̀ nìkan, ó ní ẹni tó nírú imú yẹn ò lè lágbára tó fún ìrìn àjò náà, Darwin fúnra ẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyẹn ṣì pani lẹ́rìn-ín. Ní Íńdíà, Risley, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ń wọn imú àwọn èèyàn, ó ní bí imú bá ṣe fẹ̀ sí ni ipò ẹni náà láwùjọ ṣe relẹ̀ sí. Àwọn Belgium náà wọn imú ní Rwanda, wọ́n ní ti Tutsi tẹ́ẹ́rẹ́, ti Hutu fẹ̀, láàárín ọdún 1930 sí 1939 wọ́n kọ ẹ̀yà sínú káàdì ìdánimọ̀ oníkálukú, gbogbo wa la sì mọ ohun tí wọ́n fi káàdì yẹn ṣe ní 1994, òun ni wọ́n fi ń dá àwọn Tutsi mọ̀ láti pa wọ́n.

Torí náà tẹ́nì kan bá sọ fún ọmọ yín nílé ìwé pé imú ẹ̀ fẹ̀, ẹ bá a dá a lóhùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London àti Amẹ́ríkà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún wa: tí wọ́n bá tan hítà nígbà òtútù tí gbogbo ilé gbẹ, báwo ni imú yín ṣe ń ṣe?