Ṣé Ẹni Tó Ní Rúlà Ló Mọ Ìwọ̀n?

Lọ́jọ́ Ẹtì, níbi tí mo ti lọ mú ọmọ mi ní ilé ìwé, màmá kan tún gbé e dé: "Ẹ bá mi sọ fún tíṣà yẹn o. Ọmọ wo ló ń fi ẹsẹ̀ àti kóńgò kọ́ ìwọ̀n láyé tá a wà yìí? Rúlà ni kí wọ́n fún wọn! Gbogbo ìyẹn kàn ń da orí wọn rú ni."

Ó ti sú mi.

Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 7, máa ń ka rúlà láti 0 dé 30 láì mí. Rúlà ọ̀hún wá kán, ó ṣẹ́ kúrò títí dé orí 4. Mo ní kó fi èyí tó kù wọn pẹ́ńsù rẹ̀. Ó gbé ìdí pẹ́ńsù sójú ibi tó kán, ó wo ibi tí ẹnu rẹ̀ dé, ó ní, "Sẹ̀ǹtímítà 16, Mọ́mì." Bẹ́ẹ̀ 12 péré ni pẹ́ńsù náà! Nọ́ńbà ló ń kà, kò wọn nǹkan kan. Kì í sì í ṣe ilé mi nìkan. Lọ́dún 2003, nínú NAEP, ìdánwò tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé wò káàkiri Amẹ́ríkà, wọ́n ya igi ìtayín kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà, láti orí 8 dé 10½, wọ́n ní kí àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin sọ bó ṣe gùn tó. Àwọn tó gbà á kò tó ìdajì. Ṣé àìrí rúlà rà ni?

Ẹ wá wo ọmọ yìí kan náà níbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Òkúta méjì-méjì ni póòsì wọn, ẹsẹ̀ 6 ni fífẹ̀ rẹ̀. Gìgísẹ̀ gbọ́dọ̀ kan orí ìka, tẹ́nì kan bá fi àlàfo sílẹ̀, "Ojóró!" ni wọn ó pa. Lọ́jọ́ kan, ọmọ gíga kan lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n jọ ń gbá a fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọn póòsì àwọn ọmọ wa, ó wá ní kí àbúrò òun kékeré wọn tiwọn. Ìjà dé. Ọmọ mi ló pariwo jù: "Ẹsẹ̀ ẹnì kan náà ni kó wọn méjèèjì!" Rúlà kọ́ ló kọ́ ọ nìyẹn. Nígbà tí mo wá ní kó ka àlàfo orí rúlà tó kán yẹn bó ṣe ń ka ẹsẹ̀, ó fi ìka tọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. 12 ló bá mi dé.

Wọ́n á ní kóńgò ọjà ò dọ́gba. Ta ni ò mọ̀? Ẹni tó bá ti ra gàrí nínú kóńgò tí wọ́n lu ìdí rẹ̀ wọnú rí, ẹ ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé fún un ìdí tí ìwọ̀n fi gbọ́dọ̀ bára mu.

Lóòótọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ sẹ̀ǹtímítà tó bá yá, mi ò jiyàn.

Màmá tó ń pariwo yìí, aránṣọ ni o. Orí téèpù rẹ̀ ti ya, láti íǹṣì 3 ló ti ń bẹ̀rẹ̀, á sì yọ 3 kúrò kó tó kọ ọ́ sílẹ̀. Kò tíì ba aṣọ mi jẹ́ rí.