Ìràwọ̀ Tó Já Lóru Kì í Ṣe Ìràwọ̀

Bí ìràwọ̀ bá já lóru, kíá ni ìyá mi máa yí ọwọ́ ká orí wọn, wọn á ní, "Orí mi kọ̀ ọ́!" Ohun tí wọ́n fi tọ́ wọn dàgbà ni pé gbogbo ẹ̀dá ló ní ìràwọ̀ tirẹ̀ lókè, èyí tó bá já, ẹni tó ni ín ti kú nìyẹn. Àwọn tó kàwé dáadáa náà ṣì ń sọ ọ́ fún mi. Ó ń dùn mí, torí ìbẹ̀rù yìí ló ń lé ènìyàn wọlé ní alẹ́ tó yẹ kí wọ́n tẹ́ ẹní síta.

Kò sí ìràwọ̀ tó ń já. Oòrùn tí à ń sá aṣọ sí yìí gan-an, ìràwọ̀ ni. Ayé 109 bíi tiwa la máa tò sí ìlà kan kó tó gba inú rẹ̀ já. Bí irú rẹ̀ bá já lù wá, ta ni yóò kù tí yóò ròyìn? Ohun tí a ń rí sábà máa ń dà bíi wóró iyanrìn. Èyí tó bá tóbi díẹ̀ lè tó ẹ̀wà. Àwọn tó máa ń já ní Dìsẹ́ńbà ń sá kìlómítà 35 ní sẹ́kọ́ńdì kan. Bó bá gbéra n'Ìbàdàn, kí o tó ka ení dé ẹ̀rin, ó ti dé Èkó. Afẹ́fẹ́ tó ń gbá pọ̀ níwájú á gbóná, á tàn yòò, iyanrìn náà á sì jó tán ní nǹkan bíi kìlómítà 80 sí 100 lókè orí wa. Àwọn àgbà kúkú mọ̀ pé ojú ọ̀run máa ń tan ni: "Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni."

Ẹ rántí tìpà tó ru iyanrìn tí kò bò ó: gbogbo ibi tó gbà ló ń já sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Phaethon, òkúta ńlá kan tí wọ́n rí ní 1983, ṣe da eruku sójú ọ̀nà tó fi ń yí oòrùn ká. Ọdọọdún ni ayé ń gba àárín eruku náà kọjá, ó sì máa ń pọ̀ jù lóru 13 mọ́jú 14 Dìsẹ́ńbà. Geminids lorúkọ rẹ̀. Níbi tó ṣókùnkùn dáadáa, ènìyàn lè ka ju 100 lọ ní wákàtí kan. Ṣé ikú ń wo kàlẹ́ńdà ni?

Ìbẹ̀rù yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Mọ́jú 13 Nòfẹ́ńbà 1833, àwọn tó ń já yìí rọ̀ bí òjò lójú ọ̀run Amẹ́ríkà. Frederick Douglass, tó padà di òǹkọ̀wé ńlá ṣùgbọ́n tó ṣì jẹ́ ẹrú nígbà náà, kọ ọ́ lẹ́yìn náà pé òun rò ó pé bóyá Ọmọ Ènìyàn ló ń bọ̀. Ilẹ̀ mọ́, kò sí ìràwọ̀ kan tó dín.

Awò awọ̀nàjíjìn (telescope) kò wúlò fún wíwò wọ́n o. Ibi tóóró ló ń fi hàn, bẹ́ẹ̀ ibi gbogbo ni wọ́n ti ń já. Ojú lásán ló dára jù. Ẹ pa iná, ẹ gbé fóònù sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20 kí òkùnkùn mọ́ ojú lára. Aago 2 òru ló dùn jù, bí eruku ọyẹ́ àti òṣùpá kò bá dí i lọ́wọ́.

Mo bẹ ìyá mi jáde lọ́dún kan. Mo nàka sí Castor àti Pollux, ìràwọ̀ méjì tí àwọn Gíríìkì pè ní ìbejì. Ìtòsí wọn ni Geminids ti ń tú jáde. Ìyá mi sọ wọ́n ní Táyé àti Kẹ́hìndé. Àkọ́kọ́ tó já, ọwọ́ wọn tún lọ sórí. Nígbà tí a ka 30, tí òtútù ń lé wa wọlé, wọ́n gbójú sókè, wọ́n ní, "Táyé wà ńbẹ̀. Kẹ́hìndé náà wà ńbẹ̀."