Ọwọ́ wa ló wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká bínú

Bí wọ́n bá ti sọ géèmù kan di fíìmù báyìí, ìjà dé nìyẹn. Àwọn tó ti gbá géèmù ọ̀hún á pariwo pé fíìmù ò rí bíi ti géèmù. Àwọn tí kò gbá a rí á ní, "Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀! Ṣé ẹ ò lè wo nǹkan kẹ́ ẹ dákẹ́ ni?" Èmi ń bẹ lẹ́yìn àwọn tó ń pariwo. Ó níbi tí mo máa bá wọn dé ṣá.

Ẹ wo The Last of Us tí Naughty Dog gbé jáde ní 2013. Àrùn olú ti sọ ọ̀pọ̀ èèyàn di ẹhànnà, àwọn dókítà sì gbà pé inú ọpọlọ Ellie, ọmọbìnrin kan tí àrùn náà kò ràn, ni àwọn ti máa rí oògùn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ náà máa kú. Joel, ọkùnrin tó ń mú ọmọ náà rìn, tí ìwọ tó ń gbá géèmù sì ń darí, ní kò ṣeé ṣe. O dé yàrá iṣẹ́ abẹ, dókítà kan yọ ọ̀bẹ sí ọ. Géèmù ò ní bi ọ́ pé kí lèrò rẹ. O lè dúró síbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́, kò síbi tó ń lọ, àfi tí o bá pa dókítà yẹn. Ìka tìrẹ gan-an ló máa tẹ bọ́tìnnì.

Nígbà tí HBO gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n ní 2023, Pedro Pascal tó ṣe Joel ló pa dókítà. Ó mọ iṣẹ́, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n òun ló pa á o! Èmi jókòó, mò ń jẹ gúgúrú, mo ń ké "Háà, Joel!" bíi pé ọwọ́ mi mọ́.

Ohun tó ń dùn wá nìyẹn tá a fi ń sọ pé "kò rí bíi ti géèmù". Kì í ṣe pé a ò fẹ́ kí wọ́n yí nǹkan kan padà. Nínú géèmù, Frank, ọkùnrin tó ti bá Bill ọ̀rẹ́ Joel gbé rí, ti pokùn so kí Joel tó débẹ̀, ó sì kọ lẹ́tà sílẹ̀ pé òun kórìíra Bill. Síríìsì da ìyẹn nù pátápátá, ó jẹ́ kí àwọn méjèèjì fẹ́ra wọn dọjọ́ alẹ́, kí wọ́n sì jọ kú. Nick Offerman tó ṣe Bill gba àmì ẹ̀yẹ Emmy lórí ẹ̀, ọ̀pọ̀ àwa tá a gbá géèmù sì sunkún níbẹ̀. Kí ló dé tí kò dùn wá? Ọwọ́ wa ò dé inú ayé Frank rí. Ẹ wá wo Halo, géèmù ogun tí wọ́n sọ di síríìsì ní 2022. Láti ọjọ́ tí géèmù yẹn ti wà, Master Chief, ọmọ ogun tí ò ń darí, kì í ṣí akoto kí o rí ojú ẹ̀, torí pé ìwọ lo wà nínú akoto. Ìpín àkọ́kọ́ pàá ni wọ́n ti ṣí i nínú síríìsì. Kí lẹ fẹ́ ká ṣe?

Ibi tí mo ti ń padà lẹ́yìn wọn rèé. Nígbà tí obìnrin kan tó ń jẹ́ Abby pa Joel nínú The Last of Us kejì ní 2020, àwọn kan ń ránṣẹ́ sí Laura Bailey, ẹni tó kàn yá Abby ní ohùn, pé àwọn máa pa á. Bella Ramsey tó ṣe Ellie nínú síríìsì, ojú tí Ọlọ́run fún un ni wọ́n ń bú. Ìyẹn kúrò lọ́rọ̀ géèmù, ìwà ìkà ni.

Ariwo máa ń ṣiṣẹ́ náà o. Ní 2019, a rí eyín Sonic, ẹranko inú géèmù, nínú ìpolówó fíìmù ẹ̀, a figbe ta, wọ́n sì tún gbogbo ara ẹ̀ yà. Ilé iṣẹ́ MPC ní Vancouver, tó ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán fíìmù, tó wà lára àwọn tó ṣe àtúnyà yẹn, ti tilẹ̀kùn kí fíìmù tó jáde ní 2020. Àwọn olólùfẹ́ tó ń jó kì í sọ ti àwọn òṣìṣẹ́ yẹn.

Tiwa náà ń bọ̀ lọ́nà. Children of Blood and Bone, ìwé tí Tomi Adeyemi kọ ní 2018, ti di fíìmù tí Gina Prince-Bythewood ń darí, 2027 ni wọ́n dá fún un. Nígbà tí orúkọ àwọn òṣèré jáde, gbogbo wa ń jà lórí ta ni ọmọ Nàìjíríà, ta ni kì í ṣe, ta ló pupa jù. Èmi ò bá Thuso Mbedu, ọ̀kan lára àwọn òṣèré náà, jà torí pé ó wá láti South Africa. Ọfọ̀ inú ìwé yẹn, Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́, ẹnu ara mi ni mo sì fi kà á. Ẹni tó máa jókòó ti àwọn òṣèré náà títí dò, rè, mí á fi bọ́ sípò ni kí wọ́n wá, kí wọ́n sì sanwó gidi fún un. Bí wọ́n bá pe ọfọ̀ náà bí ẹni tó ń ka nọ́ńbà fóònù, ẹ má bẹ̀ mí o, màá pariwo.