Kì í ṣe orí ìtẹ́ ńlá yẹn ni ọba Ṣáínà ti ń ṣiṣẹ́

Ẹni tó bá ti wo fíìmù Ṣáínà mélòó kan mọ̀ ọ́n: ilẹ̀ á mọ́, ọba á gúnwà sórí ìtẹ́ wúrà, àwọn ìjòyè á forí balẹ̀, ẹjọ́ á bẹ̀rẹ̀. Ojú yẹn náà ni ọ̀pọ̀ àlejò ń gbé lọ sí Gbọ̀ngàn Taihe nínú Ìlú Èèwọ̀, ààfin àtijọ́ àwọn ọba Ṣáínà, ní Beijing. Wọ́n á fún ara wọn pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà (ẹnikẹ́ni kì í wọlé), wọ́n á na fóònù sókè: "Ibi tó ń jókòó sí lójoojúmọ́ rèé o!"

Rárá o. Ọjọ́ ayẹyẹ ni ọba ń débẹ̀: ọdún tuntun, ọjọ́ ìbí rẹ̀, ọjọ́ tí òru gùn jù lọ́dún, ìwúyè, ìgbéyàwó. Ẹ sáà wo ohun tó yí ìtẹ́ náà ká. Erin tó ru ìkòkò sẹ́yìn, àlàáfíà ló dúró fún. Ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn ń tọrọ ẹ̀mí gígùn fún ọba. Luduan, ẹranko tí ẹnikẹ́ni ò rí rí, ni wọ́n ní ó gbọ́ gbogbo èdè, pé ọ̀rọ̀ ibi tó jìnnà kì í pamọ́ fún ọba tó bá jókòó tì í. Ta ló fẹ́ máa ka ìwé ẹ̀bẹ̀ láàárín erin àti ẹyẹ? Nígbà tí wọ́n gbé Puyi, ọba tó jẹ kẹ́yìn, gorí ìtẹ́ yìí lóṣù Kejìlá 1908, kò tí ì pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Ẹkún ló ń sun.

Ọba Kangxi a máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ìlú láàárọ̀ lẹ́nu Géètì Qianqing nínú ààfin náà. Nígbà tó wàjà ní 1722, ọmọ rẹ̀ Yongzheng kọ̀ láti sùn síbi tí bàbá rẹ̀ ń sùn. Yangxin, ilé kékeré kan lápá ìwọ̀-oòrùn, ló kó lọ. Kò kó padà sí ti bàbá rẹ̀ mọ́. Àwọn ọba tó tẹ̀lé e náà fi ibẹ̀ ṣe ilé àti ọ́fíìsì. Nínú yàrá ìlà-oòrùn ibẹ̀ ni Cixi àti Ci'an, àwọn opó ọba, ti jókòó sẹ́yìn aṣọ ìkélé yẹ́lò láti 1861, tí wọ́n ń darí ìjọba, ọba ọmọdé níwájú wọn. Lápá kejì, Qianlong, ọmọ Yongzheng tó jọba lẹ́yìn rẹ̀, ní yàrá tóóró kan tó ń kó ìwé àfọwọ́kọ mẹ́ta tó fẹ́ràn jù sí. Ilé yìí náà ni wọ́n ti fọwọ́ sí i ní 1912 pé ìjọba ọba dópin.

Ìtẹ́ ńlá náà ńkọ́? Yuan Shikai, ààrẹ Ṣáínà nígbà náà, gbé e kúrò ní 1915, ó fi àga bíi ti òyìnbó rọ́pò rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wà mọ́ títí di 1959, tí Zhu Jiajin, òṣìṣẹ́ musíọ̀mù, rí i níbi tí wọ́n kó àga tó ti bàjẹ́ sí. Fọ́tò tí wọ́n yà ní 1900 ló fi dá a mọ̀. Wọn ò tún un ṣe tán títí di 1964.