Àdúgbò tálákà kì í ṣe àdúgbò ọ̀lẹ o

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí tipẹ́, ẹ jẹ́ n tú u síta. Ẹnì kan á gba àdúgbò kan kọjá, á rí páànù tó ti dógùn-ún, á rí gọ́tà tó kún, ohun tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀ ni pé àwọn ará ibí yìí ò fẹ́ ṣiṣẹ́ ni, ṣebí iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́. Tó bá wá dé ibi tí géètì ti ga tí igi tò sétí títì, á ní ẹ wo àwọn tó ṣiṣẹ́ kára. Bí ẹni pé ìwà ló la ìlú sí méjì. Irọ́ ni. Mi ò ní ọ̀lẹ ò sí o, ọ̀lẹ wà níbi méjèèjì, àmọ́ èyí tó wà nínú géètì, ta ló fẹ́ rí i?

Ẹ kọ́kọ́ wo atẹ́gùn. Bẹ́ẹ̀ ni, atẹ́gùn tó ń fẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ìlú ní England, apá ìlà oòrùn ló tòṣì jù, ó sì ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn èèyàn fi rò pé bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé mẹ́ta, Heblich, Trew àti Zylberberg, wá lọ yẹ máàpù àtijọ́ wò, wọ́n rí nǹkan bíi 5,000 ihò èéfín àwọn ilé iṣẹ́ tó ń jó èédú nílùú 70, wọ́n wá ṣírò ibi tí atẹ́gùn ń gbé èéfín yẹn lọ. Atẹ́gùn ibẹ̀, ìwọ̀ oòrùn ló ti máa ń fẹ́ wá jù, torí náà ìlà oòrùn ni gbogbo ẹ̀ ń dà sí. Ẹni tó lówó kó ẹrù ẹ̀ lọ síbi tó mọ́, ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ wá jókòó sínú èéfín torí ibẹ̀ ni réǹtì ti rọ̀. Ibi tó yà mí lẹ́nu ni pé nígbà tí wọ́n ṣòfin Clean Air Act ní 1956 tí afẹ́fẹ́ wá ń mọ́ díẹ̀díẹ̀ tí wọ́n tún wó ọ̀pọ̀ ihò èéfín yẹn lulẹ̀, òṣì ò bá èéfín lọ, ó dúró, ẹ lè rí i níbẹ̀ di bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ó ku kí ẹnì kan sọ fún mi pé èéfín ló sọ àwọn ọmọ-ọmọ wọn di ọ̀lẹ.

Ká tiẹ̀ sọ pé ẹ ò gba ti atẹ́gùn. Charles Booth, oníṣòwò ọkọ̀ ojú omi, olówó ni òun fúnra ẹ̀, ó kọ́kọ́ gbé máàpù òṣì London jáde ní 1889, títì kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tiẹ̀, àwọ̀ yẹ́lò fún àwọn olówó, dúdú fún àwọn tó tòṣì jù, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìwà àwọn ará dúdú yìí ò dáa, pé díẹ̀ ló kù kí wọ́n di ọ̀daràn. Nígbà tí òun àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ wá jókòó ka ohun tó fa òṣì àwọn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, 55 nínú 100 ló jẹ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́, iṣẹ́ òní-wà-ọ̀la-ò-sí àti owó tí ò tó nǹkan, 27 jẹ́ àìsàn àti ọmọ tó pọ̀, ọtí àti ìnákúnàá jẹ́ 14. Àwọn tó kàn ń rìn kiri tí wọn ò fẹ́ ṣiṣẹ́? 4 péré. Ọkùnrin tó bú wọn lórí máàpù ló mú 4 yẹn jáde o.

Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, wọn ò dúró de atẹ́gùn, pẹ́ńsùlù ni wọ́n lò. Iléeṣẹ́ ìjọba kan tó ń jẹ́ Home Owners' Loan Corporation ya máàpù ìlú tó lé ní 200 láàárín 1935 sí 1940, àwọ̀ ewé fún ibi tó dáa jù, pupa fún ibi tí wọ́n ní ó léwu láti yá owó sí, tí àwọn aláwọ̀ dúdú bá sì ti ń gbé níbẹ̀, pupa ló sábà máa ń jẹ́. Federal Housing Administration, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe onídùúró fún owó téèyàn yá ra ilé, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1934, náà ò fẹ́ ṣe onídùúró fún irú àdúgbò bẹ́ẹ̀. Ẹ wá rò ó, ìdílé méjì tó ń gba iye kan náà lóṣù, ọ̀kan rí owó yá ó ra ilé, ìkejì ń san réǹtì títí tó fi darúgbó, nígbà tí wọ́n kú, ọmọ ti àkọ́kọ́ jogún ilé, ọmọ ìkejì jogún fọ́tò. 1968 ni òfin tó ní ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ tó dé, ilé ti lówó lórí nígbà yẹn.

Àwọn kan á ní "àmọ́ mo mọ lágbájá tó jáde níbẹ̀ tó sì là". Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ohun tí ẹ sọ? Ó JÁDE. Ẹni tó bá ti là á kó lọ, ẹni tí ò ní ló máa rẹ́ǹtì yàrá tó fi sílẹ̀, nígbà tí ẹ bá tún gba ibẹ̀ kọjá àwọn tó kù lẹ máa rí, ẹ ó sì ní kò sẹ́ni tó ń là níbẹ̀. Bíi kéèyàn dúró lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù, kó wá ní ibi tí wọ́n ti ń sọ èèyàn di aláìsàn rèé.

Láàárín 1994 sí 1998, ìjọba Amẹ́ríkà mú ìdílé bíi 4,600 nílùú márùn-ún, wọ́n ṣẹ́ kèké, àwọn kan rí ìwé ìrànwọ́ réǹtì tó jẹ́ pé àdúgbò tí òṣì ò ti pọ̀ nìkan ni wọ́n ti lè ná an, àwọn tó kù ò rí i. Kèké ni o, kì í ṣe pé wọ́n ṣa alápámáṣiṣẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Owó tí àwọn òbí ń gbà níbi iṣẹ́ ò yí padà. Àmọ́ àwọn ọmọ tó kó lọ kí wọ́n tó pé 13, nígbà tí wọ́n dàgbà, owó tó ń wọlé fún wọn fi nǹkan bí 31 nínú 100 ju ti ẹgbẹ́ wọn tí kèké ò mú. Àwọn tó ti ju 13 lọ ò rí irú èrè bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni pé ọmọ ìyá méjì lè wọ ilé tuntun lọ́jọ́ kan náà, àbúrò ọmọ ọdún 8, ẹ̀gbọ́n ọmọ ọdún 16, kí ọ̀kan jàǹfààní kí ìkejì má rí nǹkan kan. Ẹ wá fi ẹni tó ń ṣọ̀lẹ hàn mí nínú àwọn méjèèjì.